Orúkọ Àwọn Akùnlé Tí N Kò Bèèrè

Òmù-Àrán,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Títílayọ̀ mi ọ̀wọ́n, Àkànkẹ́, ọkọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Mo mọ̀ pé o ó rẹ́rìn-ín pé ohun tí mo kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo sì mọ bí o ti máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá ti gbà ọ́ lọ́kàn. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, níbi tí o dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n gbà ọ́ sí ní Èkó, egungun ọrùn rẹ ti yọ. Bàbá rẹ ní aṣọ tí o wọ̀ ló fà á. Èmi ò gbà. Ra ẹyin, ra ẹja, má sì máa jáde nílé láàárọ̀ láìjẹ nǹkan kan.

A kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. A dúpẹ́ nítorí rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Bàbá rẹ jó dé iwájú pẹpẹ bí ẹni pé orúnkún rẹ̀ kì í dùn ún, ó sì ti jókòó sí pálọ̀ báyìí tó ń fi omi gbígbóná jó o. Ó ní kí n má kọ lẹ́tà gígùn sí ọ, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Má dá a lóhùn.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ọ́, o ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, o ó ní, "Mámi, kò tó bẹ́ẹ̀ náà," èmi náà á sì yára gbà fún ọ, a ó wá máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gúsí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Kà á tán kí o tó pè mí.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, o pè mí pẹ̀lú ariwo ayọ̀. O ní o rí àwòrán kan ní yàrá ìkẹ́rùsí yín, àwọn obìnrin tí wọ́n ń fọ irú létí odò, tí wọ́n yà sórí pákó pẹlẹbẹ. O ní nígbà tí o yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, orúkọ ìyá rẹ ni o bá níbẹ̀. O ní ọ̀gá yín ti sọ pé òun ni àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ rí níbi ìpàtẹ tí ẹ ń ṣètò, ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn obìnrin ayàwòrán tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. O wá ní, "Mámi, ẹ ò sọ fún wa rí pé ayàwòrán ni yín!" Mo ní, "Hùn-ún." Lẹ́yìn náà ni fóònù gé. O rò pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Èmi ni mo gé e.

Títí, èmi kọ́ ni mo ya àwòrán náà.

Obìnrin mẹ́ta ló yà á. O yin ojú obìnrin tó gbé agbọ̀n, o ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Èsìẹ́ ló ṣe ojú yẹn. O yin omi odò náà. Ìyá Dúpẹ́ ló fi aró ṣe é. Àwọn igi tó wà lẹ́yìn, àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n, iṣẹ́ Ìyá Òmùpo ni. O wá ní adìẹ kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ yín, pé ọ̀gá yín rò pé ó ní ìtumọ̀ ìjìnlẹ̀. Sọ fún ọ̀gá yín pé kò ní ìtumọ̀ kankan. Adìẹ yẹn ni tèmi. Ọjọ́ tí mo yà á, Ìyá Òmùpo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní òun kò mọ̀ pé ìgbálẹ̀ máa ń ní ẹsẹ̀ méjì.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ bí mo ti ṣe dé àárín wọn. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó láti Ìjàrà-Ìsin, ilé amọ̀ ṣì pọ̀ ní agboolé wa. Lọ́dọọdún tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, kí Kérésìmesì tó dé, àwọn ìyàwó ilé á para pọ̀ láti kun ògiri. Àáró ni wọ́n ń ṣe é: tìrẹ lónìí, tèmi lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹfun ni funfun wọn, ilẹ̀ pupa ni pupa wọn, ìdí ìkòkò ni dúdú wọn. Wọ́n á se èèpo èso igi irú, wọ́n á fi omi rẹ̀ ra ògiri kí àwọ̀ má baà ṣí. Ọwọ́ àwọn mẹ́ta yìí ló dára jù. Agboolé mìíràn a máa wá bẹ̀ wọ́n, ni àwọn ènìyàn bá ń pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Akùnlé.

Nígbà tó yá, sìmẹ́ńtì dé, ọ̀dà inú agolo dé, àwọn ọkùnrin tó ní àkàbà gba iṣẹ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ náà túká níbẹ̀. Ẹni tí kò jẹ́ kó túká ni tísà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Tísà Àwòrán la máa ń pè é. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọwọ́ wọn kú. Ó kó pákó pẹlẹbẹ fún wọn, ó sì ní kí wọ́n máa lo ṣẹ́ẹ̀dì káfíńtà ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn mẹ́ta náà pè mí mọ́ra nítorí pé mo mọ̀wé, èmi sì ni ìyàwó tó kéré jù. Èmi ni mo ń gún ẹfun, tí mo ń jọ̀ ọ́, tí mo ń pò ó. Èmi ni mo ń ka Bíbélì tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Mo gbéraga nígbà náà, Títí. Mo ní ìwé ẹ̀rí tísà, àwọn wọ̀nyí kò mọ A. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún Ìyá Èsìẹ́ pé ọwọ́ obìnrin tó ń yà ti gùn jù, pé ọwọ́ ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ pákò lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí pákò tí wọ́n jẹ lẹ́nu títí ó fi rí bí irun ni búrọ́ọ̀ṣì wọn. Kò bínú. Ó tutọ́, ó ní, "Tísà, lọ bá wọn fọ irú lọ́la, kí o tó wá sọ fún mi bí ọwọ́ ti gùn tó." Mo lọ. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú omi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí o ń fọ èèpo kúrò lára irú, ìwọ alára á rò pé ọwọ́ rẹ ti gùn dé ìsàlẹ̀ odò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní nìyí. Níbi iṣẹ́ rẹ, àwọn kan wà tí wọn kò ka ìwé tí o kà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbé àwòrán kọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ni kí o kọ́kọ́ máa kí láàárọ̀, kí o kúnlẹ̀ fún èyí tó bá dàgbà nínú wọn, kí o sì máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti rí. Má kí wọn nítorí pé mo ní kí o kí wọn o. Kí wọn nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ìwọ kò mọ̀.

Ìkejì ló ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wo ìkòkò tí n kò gbé kaná.

Wọ́n fẹ́ pàtẹ àwòrán ní Ìlọrin, Tísà Àwòrán sì ní kí a mú ti àwọn afọrú lọ. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n kọ orúkọ àwọn tó yà á síbẹ̀, kí n sì tún kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pákó. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo ṣí bírò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

O mọ àṣà ilé wa. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Àbúrò bàbá rẹ tí mo ń pè ní Afínjú, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni mo tó mọ orúkọ rẹ̀, inú ìwé ètò ìsìn ni mo ti kà á. Ti àwọn ìyáálé tún wá le ju ìyẹn lọ. Ìlú tí wọ́n ti wá tàbí ọmọ tí wọ́n bí la fi ń pè wọ́n, ọkọ wọn pàápàá kì í pè wọ́n lọ́nà mìíràn. Kí èmi, ọmọ àná, wá dúró níwájú Ìyá Èsìẹ́ kí n ní, "Kí ni orúkọ yín?" Ó dà bí ìwọ̀sí lójú mi. Bí mo bá sì kọ "Ìyá Èsìẹ́" sórí fọ́ọ̀mù, mo rò pé àwọn ará Ìlọrin á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún ara mi. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún. Ó wù mí. Ó wù mí kí ẹnì kan ka orúkọ mi sókè ní gbangba, kí àwọn ènìyàn sì yíjú wò mí. Mo kọ orúkọ mi nìkan.

Wọ́n kà á sókè lóòótọ́. Mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, mo ní, "Nílé ni." Ọ́fíìsì kan ní àwọn fẹ́ kí àwòrán náà wà lọ́dọ̀ àwọn, a sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Mo rò pé bí ó ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ yín.

Nígbà tí mo padà délé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà agboolé. Ìyá Èsìẹ́ ní, "Ìyàwó, ṣé wọ́n dárúkọ wa?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Wọ́n dárúkọ wa, mà." Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu òógùn ojú mi, ó ní mo kú wàhálà ọ̀nà. Mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ láyé mi, ọmọ mi. Kò sí èyí tó ń dùn mí bí gèlè yẹn.

Bí wọ́n bá yìn ọ́ fún ohun tí kì í ṣe tìrẹ, ọjọ́ náà gan-an ni kí o sọ̀rọ̀, kódà bí ẹnu bá ń gbọ̀n. Tí ó bá di ọjọ́ kejì, o ó ní láti ṣàlàyé ìdí tí o kò fi sọ ọ́ lánàá. Tí ó bá di ọdún kejì, àlàyé á ti wúwo ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ, wàá sì máa rò pé ó ti tán. Kò tán. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi lé mi bá lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí mo bí, tí inú rẹ̀ ń dùn.

Oyún rẹ ló wà nínú mi nígbà tí mo lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí mo bí ọ nínú ọyẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, wọ́n kó ẹrù wa síta, wọ́n kun yàrá wa ní ẹfun láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá Òmùpo ya ẹyẹ mẹ́ta sí ibi tí orí rẹ máa kọjú sí. Tí o bá ń sunkún, tí mo bá gbé ọ síbẹ̀, o ó dákẹ́ tí o ó máa wò wọ́n. Mo ń fún ọ lọ́mú, ojú ń tì mí, mo sì dákẹ́.

Wá ẹgbẹ́ tìrẹ ní Èkó, Àkànkẹ́. Ìbáà jẹ́ nínú ìjọ, ìbáà jẹ́ níbi iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní àdúgbò. Ènìyàn kan kì í jẹ́ àwá dé. Má wá àwọn tó ń yìn ọ́ nìkan. Wá àwọn tó lè fi adìẹ rẹ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á tún jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá kun ilé rẹ. Bí o bá rí irú wọn, má fi wọ́n ṣeré bí mo ti ṣe. Àti pé, kí n tó gbàgbé, ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń yá bàtà rẹ lọ tí kì í dá a padà kò sí lára irú àwọn tí mo ń wí.

Ìyá Èsìẹ́ ti kú, Ìyá Òmùpo náà ti kú. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló kù, ó sì ti padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òwu-Ìsin láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Bàbá rẹ ní òun á bá mi lọ, mo ní rárá.

Ìyá Dúpẹ́ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi kí n tó kí i tán. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, n kò dìde. Ẹ̀ka èdè wa la fi sọ ọ̀rọ̀ náà, mo kàn ń kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ nílé ìwé ni.

Mo ní, "Mà, mo wá bèèrè orúkọ yín."

Ó wá ní, "Orúkọ tèmi nìkan ni, àbí ti gbogbo wa?"

Títí, wọ́n mọ̀. Dúpẹ́ ti bá wa dé ṣẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó gbé àwòrán náà lọ, ó ka ẹ̀yìn pákó fún ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti mọ̀. Ìgbà tí Ìyá Èsìẹ́ bi mí bóyá wọ́n dárúkọ wọn, ó fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo purọ́ tán ló fi gèlè rẹ̀ nù mí lójú.

Mo bú sẹ́kún. Ìyá Dúpẹ́ kò tètè bẹ̀ mí. Ó ní, "Ó dùn mí. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ó dun Ìyá Òmùpo jù mí lọ, ọdún yẹn kò kọ́kọ́ fẹ́ bá ọ jókòó mọ́. Ìyá Èsìẹ́ ló ní, ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ wa ni, ọjọ́ kan á wá bèèrè." Lẹ́yìn náà ló wá orí mi kàn, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, "O pẹ́ o, ìyàwó."

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, a máa ń wí i, ṣùgbọ́n èmi lo ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó bèèrè. Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe kí a di ẹnu pa. Bí o bá rí àgbà obìnrin kan, tí o sì ní láti kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o wá bèèrè orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Kò ní bínú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ń retí ẹni tó máa bèèrè.

Orúkọ wọn nìyí. Kọ wọ́n síbi káàdì tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Ìyá Dúpẹ́ ni Oyèlọlá. Ó ní orúkọ ìrìbọmi òun ni Rúùtù, oríkì òun ni Àbẹ̀kẹ́. Mo bi í pé èwo ni kí a kọ, ó ní ṣé káàdì yín kò gbà á ni? Kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá Èsìẹ́ ni Ìbíyẹmí. Ìyá Dúpẹ́ ní òun nìkan ni òun ń pè é bẹ́ẹ̀, tí àwọn méjèèjì bá dá wà lódò. Ti Ìyá Òmùpo kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo máa lọ sí Òmùpo lọ́jọ́ Sátidé láti wá ilé bàbá rẹ̀. Bí n kò bá rí i, kọ "Ìyá Òmùpo", kí o fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnì kan lára àwọn ènìyàn rẹ̀ á kọjá níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ gbogbo wọn ni kí o kọ mí sí, pé èmi ni mo po ẹfun. Kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo kọ orúkọ mi nìkan sí ẹ̀yìn pákó náà, tí n kò sì sọ òtítọ́.

Mo mọ̀ pé ó máa ni ọ́ lára. O ti sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ ló yà á, iṣẹ́ rẹ ṣì jẹ́ tuntun, o kò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn. O sì fẹ́ràn mi, o ó fẹ́ bò mí láṣìírí. Má bò mí, ọkọ mi. Bí o bá bò mí, àwọn ni o ń bò. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, èmi ni kí wọ́n rín, ara mi gbà á báyìí.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, Ìyá Dúpẹ́ bi mí bóyá odò òun ṣì dúró lójú àwòrán náà, àbí aró ti ṣí. Mo ní o sọ pé ó ń ṣàn. Ó ní òun fẹ́ wá sí Èkó. Mo ní, "Mà, ẹ ò ní lè rí i." Ó ní ta ló sọ fún mi pé ojú lòun fi yà á? Ìka lòun fi yà á, ìka náà lòun máa fi wò ó.

Èmi àti Dúpẹ́ máa mú un wá lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí ìpàtẹ náà. Mo ti gbọ́ pé níbi iṣẹ́ yín, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwòrán. Lọ bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí o sọ fún un pé ọwọ́ tó yà á ló fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Èmi tí mo bí ọ, tí mo sì fẹ́ràn rẹ ju bí lẹ́tà yìí ti lè gbà lọ,

Adébísí, ìyá rẹ.